Ajá Ẹni Tó Ń Lọ Òkè-Òkun: Ta Ni A Ó Fà Á Lé Lọ́wọ́?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a kọ fún àpéjọ àwọn ọmọ ìlú ní Moretan, agbègbè Est-Mono, ilẹ̀ Togo

   

Kókó ọ̀rọ̀

Bí ọmọ ilé kan bá rí físà gbà, inú ẹbí a máa dùn. Wọ́n á ta ọ̀kadà rẹ̀, wọ́n á pín àga àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á yan ẹni tí yóò máa ṣí yàrá rẹ̀ kí eku má baà sọ ọ́ di ilé. Ajá nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ọkọ̀ yóò gbé arìnrìn-àjò lọ sí Lomé kí wọ́n tó máa sáré bi ara wọn pé, "Ta ni yóò gba ajá yìí?"

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ ìwé ìrìn-àjò tirẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ ètò ajá rẹ̀. Bó bá fẹ́ mú un dání, òfin àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lọ yóò gba oṣù púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ fi sílẹ̀, fífà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ náà ní ìlànà tirẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Togo gan-an. Charles Piot, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá tó ti ń ṣe ìwádìí níbí láti àwọn ọdún 1980, gbé ìwé kan jáde ní 2019 tí ó pè ní The Fixer. Lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà nìkan ni ìwé náà dá lé: bí ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ará Togo ṣe ń kún fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ́dọọdún, àti bí àwọn tó ń bá wọn ṣètò ìwé ṣe ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde kò ní àkókò láti fi ṣòfò. Físà ọdún náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án tó kọjá, bó bá sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kì í sábà ju oṣù mẹ́fà lọ tí àkókò rẹ̀ á fi pé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin há ọ̀nà yìí mọ́ ará Togo. Ọ̀nà France, Jámánì àti Kánádà ṣì wà, àwọn ọmọ Yorùbá ní Nàìjíríà náà kò sì yéé jápa lọ sí Britain. Ibi yòówù kí arìnrìn-àjò dorí kọ, àkókò kúkúrú ni ìwé máa ń fún un. Ajá kò lè yára tó bẹ́ẹ̀.

Láti agbo ilé dé inú ọgbà

Ìtàn àwọn àgbà ẹ̀yà Ifẹ̀ tiwa ní Atakpamé àti àyíká rẹ̀ ni pé Ilé-Ifẹ̀ ni a ti ṣẹ̀ wá. Ọdẹ àti ajá kì í sì í ya ara wọn nínú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ajá ọdẹ ní ṣaworo lọ́rùn, ó ní orúkọ, ó ní ìpín nínú ẹran tí wọ́n bá pa. Síbẹ̀, ajá náà kì í ṣe ti ọdẹ nìkan. Ìyàwó ilé ló ń da ẹ̀kọ́ àárọ̀ fún un, àwọn ọmọ ló ń yọ eégbọn lára rẹ̀, ẹsẹ̀ bàbá àgbà ló ń sùn sí lọ́sàn-án.

Nígbà ayé àwọn amúnisìn, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ yìí rìn lọ sí Gold Coast láti ṣiṣẹ́ oko kòkó. Ọdún kan, ọdún méjì, wọn kò bọ̀. Ajá wọn kò di aláìnílé, nítorí agbo ilé wà níbẹ̀. Ẹnì kan ló lọ. Ọwọ́ mẹ́wàá tó ń bọ́ ajá ṣì wà.

Lónìí, ilé ti yí padà. Ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Lomé tàbí ní Atakpamé kọ́ yàrá méjì, ó fi bíríkì yí i ká, ó gbé géètì irin sí i, ó sì ra ajá kan láti máa ṣọ́ ọ. Òun nìkan ni ajá mọ̀. Òun ló ń bọ́ ọ, ìró ọ̀kadà rẹ̀ ni ajá ń gbọ́ láti òkèèrè tí ìrù á fi máa jù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ, gbogbo ayé ajá náà ló lọ. Ìdí nìyí tí ohun tí bàbá wa ṣe láìronú fi di ohun tí a gbọ́dọ̀ jókòó ṣètò.

Bí a bá fẹ́ mú un dání

Àwọn kan yóò sọ pé, "Èmi àti ajá mi la jọ ń lọ." Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí ìwé ajá le ju ìwé ènìyàn lọ níbòmíràn.

Togo, Benin àti Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí European Union gbà pé wọ́n ti kápá àrùn dìgbòlugi. Nítorí náà, òfin European Union béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ajá tó bá ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tì sábẹ́ awọ ọrùn. Ẹ̀kejì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, tí ajá kò lè gbà kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 12. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá ti kọjá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni dókítà ẹran yóò tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tí European Union fọwọ́ sí. Lẹ́yìn èyí, bí àbájáde bá dára, oṣù mẹ́ta gbáko gbọ́dọ̀ kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà kí ajá tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Moretan gbọ́dọ̀ dé Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Ó pẹ́ tán, ìparí oṣù karùn-ún ni ajá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ ìdánimọ̀ àti abẹ́rẹ́. Ìparí oṣù kẹfà ni wọ́n ó fa ẹ̀jẹ̀, ìparí oṣù kẹsàn-án ni oṣù mẹ́ta pé. Akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ló ti rí lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ gbà ní oṣù karùn-ún? Bó bá sì dé Berlin, ìlú náà ń gba owó orí lórí ajá: 120 Euro lọ́dún fún ajá kan ṣoṣo.

Britain gba ìlànà ẹ̀jẹ̀ àti oṣù mẹ́ta yìí náà, ó sì fi kún un pé dókítà gbọ́dọ̀ fún ajá ní oògùn aràn láàárín ọjọ́ kan sí márùn-ún kí ó tó wọlé. France kọ irú àwọn ajá kan pátápátá. Láti ìgbà òfin ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1999, ajá tó jọ boerboel tí kò ní ìwé ìran kò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ boerboel wà lára àwọn ajá tí olówó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà fẹ́ràn jù láti fi ṣọ́ ọgbà.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2024, ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè wọ ibẹ̀ rárá. Togo, Benin àti Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí ibi tí ewu dìgbòlugi ti pọ̀, nítorí náà ajá tó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa gbọ́dọ̀ gba ibùdó kan pàtó wọlé níbi tí dókítà yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, pápákọ̀ òfurufú mẹ́fà péré ló ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀: Atlanta, Los Angeles, Miami, Philadelphia, JFK ní New York àti Dulles ní Washington. Newark, tí ọkọ̀ òfurufú Ethiopian bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ láti Lomé ní 2016, kò sí nínú wọn. Ajá tó bá wọ ọkọ̀ náà láìsí ẹni tó kọ́kọ́ bi òfin léèrè ti kó sí wàhálà kí ó tó gbéra.

Owó ẹ̀rọ ìdánimọ̀ wà níbẹ̀, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, owó àgò tó bá ìlànà ọkọ̀ òfurufú mu, àti owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ajá onímú pẹlẹbẹ kì í mí dáadáa ní ibi ẹrù, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú púpọ̀ kì í sì í gbé e. Bí ẹnì kan bá ṣírò gbogbo èyí tó sì pinnu pé ajá òun yóò dúró sílé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní òǹrorò. Ibi tó kù sí ni bí ajá yóò ṣe dúró.

Ohun tí ìkánjú máa ń fà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1939, Britain kéde ogun. Àwọn aráàlú London ń kó ọmọ lọ sí ìgbèríko, ìpayà bọ́ǹbù sì gba ìlú. Ìjọba kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ẹran ọ̀sìn rẹ̀, àmọ́ ìwé kékeré kan tí wọ́n pín sọ pé bí kò bá sí ẹni tó lè gbà á ní ìgbèríko, ó sàn kí dókítà gba ẹ̀mí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí 400,000 ajá àti ológbò ló kú ní London nìkan. Bọ́ǹbù ńlá kò tíì bọ́ lu ìlú náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Hilda Kean, òpìtàn kan, kọ odindi ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2017.

Àwọn tó tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹran lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe ọ̀dájú. Ọ̀pọ̀ wọn ń sunkún. Wọn kò ní ọjọ́ tó pọ̀, wọn kò sì rí ẹni bi. Ohun kan náà ló ń mú kí ọ̀dọ́ wa ṣí géètì ní òru ọjọ́ ìrìn-àjò, kí ó lé ajá síta, kó ní Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ.

Ọkàn ajá

Ṣé ajá lè gbàgbé? Àwọn kan ní kò lè gbàgbé láé, nítorí náà kò sí àǹfààní nínú fífi í fún ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn ní ajá kì í mọ̀, ẹni tó bá ń fún un lóúnjẹ ni tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rí méjì.

Gbogbo ayé ló ti gbọ́ ìtàn Hachikō, ajá Tokyo. Hidesaburō Ueno, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, kú lójijì níbi iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1925. Ajá rẹ̀ ń lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya títí ajá náà fi kú ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1935. Apá tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ ni pé wọ́n fi Hachikō fún ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan, kò bá a lára mu, ó ń sá padà. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n fà á lé Kikuzaburō Kobayashi lọ́wọ́, ọkùnrin tó ti ń tún ọgbà Ueno ṣe tẹ́lẹ̀, tí ajá sì ti mọ̀ láti kékeré. Ọ̀dọ̀ Kobayashi ló ń jẹ tó ń sùn. Ó ń lọ sí ibùdókọ̀, ó sì ń padà wálé. Nínú gbogbo ilé tí wọ́n gbé e lọ, ilé ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló gbà.

Ẹ̀rí kejì wá láti Hungary. Ní 2001, Márta Gácsi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ajá àgbà tó wà ní ilé ìtọ́jú ajá aláìnílé. Ẹnì kan lọ bá ajá kọ̀ọ̀kan ṣeré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ajá yìí ń ṣe sí ẹni náà bí ajá ṣe ń ṣe sí ẹni tó ni ín: wọ́n ń wá a bó bá jáde, wọ́n ń sáré pàdé rẹ̀ bó bá dé.

A kò rí ìjà láàárín ẹ̀rí méjèèjì. Ajá ń rántí, ajá sì lè fẹ́ràn ẹlòmíràn. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ojúlùmọ̀: kí ajá mọ ẹni tuntun kí ẹni àtijọ́ tó lọ.

Ẹni tí ó tọ́ láti fà á lé lọ́wọ́

Kí arìnrìn-àjò wá ẹni náà láàárín àwọn tí ajá ti mọ̀. Àbúrò, ọ̀rẹ́ tó máa ń wá kí i, aládùúgbò, olùkọ́ tó ń gbé lọ́nà. Kí ẹni náà máa wá bọ́ ajá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó máa mú un rìn. Lẹ́yìn náà, kí ajá lọ sùn ní ilé rẹ̀ ní alẹ́ kan, alẹ́ méjì, pẹ̀lú ẹní tàbí aṣọ tó ń rùn bí ilé àtijọ́. Bí àkókò ìrìn-àjò bá fi máa tó, ilé tuntun ti di ilé.

Kí a so orúkọ ajá mọ́ ọn lọ. Àwọn Baatombu ní àríwá Benin ní àṣà fífi òwe sọ ajá lórúkọ, èyí tí Wendy Schottman kọ nípa rẹ̀ ní 1993. Ẹni tí aládùúgbò ṣẹ̀ á pe ajá rẹ̀ sókè, gbogbo àdúgbò á sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Yorùbá náà mọ àṣà yìí. Bí ẹ bá sọ ajá yín ní Ṣe-bí-o-ti-mọ nítorí ará òdìkejì ọ̀nà, ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó fà á lé ẹni náà gan-an lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Ajá jẹ́ ẹran Ògún, gbogbo wa la mọ̀. Àwọn ará wa Kabyè, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé láàárín wa níbí, a máa jẹ ẹran ajá, pàápàá ní àkókò ìjàkadì Evala ní agbègbè Kara ní oṣù keje. Àwọn ará Oǹdó ní Nàìjíríà náà mọ adùn rẹ̀. Àṣà onílùú ni, a kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ajá ilé rẹ̀ lọ sọ́jà, tó tà á fún ẹni tí kò mọ̀ rí, kò lè bèèrè lọ́la pé ibo ló wọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ajá wà láàyè, kí a sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba níwájú ẹlẹ́rìí, fún ẹni tí a mọ ilé rẹ̀.

Àgbà ní ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, òwe náà bá olówó ajá wí ju ajá lọ. Àwọn arìnrìn-àjò kan wà tí wọ́n fi ajá sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò fi í fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà ní Montréal, wọ́n ń pàṣẹ lórí WhatsApp: má fún un ní ẹja, má so ó mọ́lẹ̀, mo ń bọ̀ wá mú un lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó wà nílé náà á ní, "Ajá lágbájá ni, kì í ṣe tèmi." Bí ajá bá ṣàìsàn, yóò dúró de owó láti òkèèrè. Bó bá bu ọmọ jẹ, kò sí ẹni tó ni ín. Kí ẹni tó ń lọ fi ajá náà fún ni pátápátá. Kí ó fi káàdì abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́, kí ó san gbèsè dókítà, kí ó fi owó oúnjẹ oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ kún un bí agbára rẹ̀ bá ká a. Abo ajá tí kò sí ẹni tó fẹ́ ọmọ rẹ̀, kí dókítà ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́.

Ajá arúgbó tí àìsàn ti wọ̀ lára yàtọ̀. Bí dókítà ẹran bá sọ pé ìrora ló kù nílẹ̀ fún un, kí ẹni tó tọ́ ọ dàgbà jókòó tì í dé òpin, kí ó tó lọ. Kí ó má sọ ìyẹn di ẹrù ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ dìgbòlugi kan gbogbo ìlú

Bóyá ẹnì kan ń rò ó pé ọ̀rọ̀ olówó ajá nìkan ni gbogbo èyí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ajá tí wọ́n ṣí géètì fún ní òru kì í parẹ́. Ó ń jẹ ní ààtàn, ó ń bá àwọn ajá mìíràn jà, kò sì sí ẹni tí yóò mú un lọ gba abẹ́rẹ́ mọ́.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, tí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì wà ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń kó o, 99 ló kó o lára ajá. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ajá tí a fura sí pé ó ní àrùn náà ń bù jẹ ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló kù. Síbẹ̀ a lè dènà rẹ̀ pátápátá. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Bí ìlú bá sì fún ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn ká mọ́.

Nítorí náà, àbá kan wà níwájú Kábíyèsí, olórí ìlú Moretan, àti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú. Kí ìwé kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀, tí ẹni tó bá ń lọ òkè-òkun yóò kọ orúkọ ajá rẹ̀ sí, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn, àti orúkọ ẹni tó gbà á. Bí ìjọba tàbí àwọn oníṣẹ́ ìlera bá kó abẹ́rẹ́ ajá wá ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, ọjọ́ tí gbogbo ayé ń rántí àrùn yìí, ìwé náà ni wọn yóò fi mọ ilé tí wọn yóò lọ. Iye owó ìwé àti báírò kan ni gbogbo ìnáwó rẹ̀.